Ibi Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ Lára Ògiri

Bàbá wa, ọdún márùn-ún rèé tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà tí ẹ kò padà wá gùn ún mọ́. Ọdún márùn-ún! Bí àná ló rí lójú wa. Màmá kí yín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kí yín. Bàbá Kíákíá, àbúrò yín, kí yín, wọ́n sì ní kí n sọ fún yín pé orúkọ tí ẹ sọ wọ́n yẹn ò tíì kúrò lára àwọn o. Èmi àbígbẹ̀yìn ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n kọ jù wọ́n lọ, àmọ́ nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo lè jókòó lójú kan. Iṣẹ́ títún fìríìjì ṣe ti kọ́ mi ní ìjókòó. Ẹ̀gbọ́n mi ló yẹ kó kọ ọ́, ẹ sì mọ ọmọ yín. Ẹni tí ẹ sọ ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé láti ìgbà tó ti ń rá kòrò, ṣé òun ni yóò fìdí kalẹ̀ kọ̀wé?

Ilé ti yí padà lẹ́yìn yín. Yàrá ẹ̀yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀, tí òjò ń rọ̀ sí, a ti kan òrùlé rẹ̀, a ti fi fèrèsé sí i. Bàbá Kíákíá kùn ún láàárín ọ̀sán kan ṣoṣo, ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ò sì dé níbẹ̀ kò kéré. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà kò tì. Màmá ló ń ṣí i, Màmá ló ń po àwọ̀, ẹni tó bá sì ní kí wọ́n bomi là á kó lè pọ̀, wọ́n ń lé e jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń lé e. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ga, bàtà yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lẹ́sẹ̀ mu. Ohun gbogbo ń lọ. Ohun kan ṣoṣo ló dúró sójú kan, òun ni mo sì fẹ́ rò fún yín lónìí, nítorí ẹ̀yin lẹ fi í sílẹ̀ fún wa láìsọ ìdí rẹ̀.

Ògiri tó kọjú sí ilé ìwòsàn ni mo ń wí. Ògiri gígùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́míìsì, níbi tí àwọn èrò ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ ya àwọn tó ń kó lọ sílé tuntun sí i: ọkùnrin tó gbé ilẹ̀kùn pọ̀n, obìnrin tó ń sọ àga kalẹ̀ lórí, ọmọbìnrin tó gbá aago ògiri mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́, bàbá arúgbó tó kó ológbò sínú àpò tí orí ológbò sì yọ síta. Gbogbo wọn ń rìn, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, ó sì hàn pé ó ti ń rẹ̀ wọ́n. Láàárín wọn, nísàlẹ̀, láti ilẹ̀ títí dé èjìká, ẹ fi àyè kan sílẹ̀ tó fẹ̀ tó ènìyàn méjì. Sìmẹ́ǹtì lásán. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ fi àkàbà sílẹ̀ lára ògiri, ẹ ní orí ń fọ́ yín, ẹ wálé, ẹ sùn, ẹ ò jí mọ́.

Àyè yẹn ni kò jẹ́ kí ilé yìí sinmi. Ọdún márùn-ún! Màmá gbà pé àwọn ni ẹ fẹ́ yà síbẹ̀. Wọ́n ní, “Ó ti ṣèlérí fún mi láti ìgbà tí mo ti lóyún àkọ́bí. Gbogbo ayé ló yà tán, àfi èmi.” Bàbá Kíákíá ní àkàbà ni, pé ta ló ń kó ilé tí kì í gbé àkàbà? Èmi ní fìríìjì ni. Ẹ má bínú sí mi, ibi tí ọ̀nà jíjẹ ẹni bá wà ni ojú ẹni ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Òun ló kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ yín, òun ni gbogbo ènìyàn ń wò pé yóò parí rẹ̀, kò sì mọ ohun tí yóò yà síbẹ̀. Ọdún kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Ó ń gun alùpùpù rẹ̀ kiri, ó ń pín ẹrù fún àwọn oníbàárà, bó bá sì dé ọ̀gangan ògiri yẹn, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lọ́dún yìí ni Oníkẹ́míìsì tó ni ògiri ránṣẹ́ pè wá. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó fún Màmá ní àga, ó fún wa lómi, ó wá sọ̀rọ̀. “Ẹ ẹ̀ rí i, mo bá yín kẹ́dùn, mo sì ti ṣe sùúrù. Àmọ́ ara mi ò gbà á mọ́ kí n máa ṣí ilẹ̀kùn láràárọ̀ kí n máa wo iṣẹ́ olóògbé tí ò parí, ìyẹn níwájú àwọn aláìsàn. Tó bá fi máa di ọjọ́ ìrántí Bàbá tí ẹ ò bá tíì parí ẹ̀, màá ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun pa gbogbo ẹ̀ rẹ́.” Gbogbo ẹ̀ o! Ọkùnrin onílẹ̀kùn, ọmọ alágogo, ológbò inú àpò. Iṣẹ́ ìkẹyìn ọwọ́ yín!

A kó ara wa délé. Màmá ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògiri ló ń dun àwọn. Ohun tó ń dun àwọn ni pé ọkùnrin tí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀ láyé ẹ̀ ló wá lọ tòun ti iṣẹ́ láàbọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ alùpùpù rẹ̀, ó jáde.

Láti ọjọ́ yẹn ni ara rẹ̀ ò ti balẹ̀ mọ́. (Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní “ó” níwájú yín. Níta, “wọ́n” ni mo ń pè é, kó má baà fi akoto alùpùpù gbá mi.) Ó ń ṣe bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ. Ó jókòó, ó dìde. A gbé oúnjẹ fún un, ó bù ú lẹ́ẹ̀kan, ó tún bọ́ sí ìta. Ó ní òun ń wá ohun tó wà lọ́kàn yín, àfi bí ẹni pé ẹ gbàgbé rẹ̀ síbì kan nígboro. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ilé àwòrán tí ẹ máa ń kó wa lọ ní àwọn ọjọ́ Àìkú tí ìwọlé bá jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń ṣe wá? A ò ní tíì wọlé tán, a ò ní tíì wo àwòrán kankan, ẹ óò ti máa wá bẹ́ǹṣì. “Níbo ni ẹni tó bá rẹ̀ máa jókòó sí ńbí?” Ohùn yín á gba gbogbo inú yàrá náà kan. Bí bẹ́ǹṣì bá wà, ilé náà dára. Bí kò bá sí, wúrà ì báà bo férémù wọn mọ́lẹ̀, ẹ óò yọ ṣùtì sí i. Ìtìjú á fẹ́ pa wá! Màmá ní orúnkún ló ń dùn yín tí ẹ ń fi ọgbọ́n bò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí ilé ńlá tó ní àtẹ̀gùn òkúta, níbi tí àwọn ọlọ́lá àtijọ́ ti ń wo ènìyàn láti inú férémù bí ẹni pé a tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó wo ọwọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ wa, nítorí ẹ ní ojú máa ń parọ́ nínú àwòrán, ọwọ́ kì í parọ́. Kò rí nǹkan kan. Ó lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tún rélùwéè ṣe nígbà kan, tí wọ́n ti sọ di ilé ọnà ìgbàlódé. Yàrá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òkúta ni wọ́n kàn kó jọ sáàárín rẹ̀. Ó yí i po, ó yí i po, ó ní bó bá jẹ́ èyí ni iṣẹ́ ọnà, a jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé wa ti lókìkí. Ó lọ sí ilé aṣọ, níbi tí iná ti ń tàn fírífírí kí àwọ̀ aṣọ má baà ṣá. Ibẹ̀ ni bẹ́ǹṣì pọ̀ sí jù, ẹ óò fẹ́ràn rẹ̀. Kò jókòó lórí ìkankan.

Ilé ìkòkò ló ti pẹ́. Ilé kékeré ni, ẹ óò rántí rẹ̀, òun lẹ máa ń sọ pé ó dà bíi ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà ò dé rí. Wọ́n lẹ àwọn ìkòkò fífọ́ pọ̀ níbẹ̀, ibi tí àpáàdì kan bá sì ti sọnù, amọ̀ funfun ni wọ́n fi dí i, kí ojú lè mọ̀ pé ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ. Ó pè mí lórí fóònù láti ibẹ̀.

“Àbúrò, ṣé o rò pé ká kàn fi funfun dí i ni?”

Mo ní kó máa bọ̀ nílé, kó wá jẹun. Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Nígbà tí ilé àwòrán tán, ó bọ́ sí òpópónà. Yóò ya ẹ̀yin náà lẹ́nu, Bàbá! Ìgboro ti kún fún àwòrán ara ògiri lẹ́yìn yín. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bá jà pé wọ́n ń fọ́n ọ̀dà agolo bí ẹni ń fọ́n oògùn ẹ̀fọn, iṣẹ́ náà ti mọ́ wọn lọ́wọ́ gan-an. Lábẹ́ afárá, wọ́n ya ẹja kan tó jẹ́ pé ọkọ̀ tó bá ń kọjá á dà bí ẹni pé ẹnu rẹ̀ ló wọ̀. Lára ilé ìfìwéránṣẹ́, obìnrin kan wà tí irun rẹ̀ di ẹyẹ, tí àwọn ẹyẹ náà sì fò lọ dé orí òrùlé. Ẹ̀gbọ́n mi dúró ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹrù àwọn oníbàárà wà lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ń pe fóònù, òun ń wo ẹyẹ.

Ìgbẹ̀yìn ló wá lọ sí àwọn ògiri tiyín. Ajá ńlá tó ń sùn ní ibùdókọ̀. Àwọn obìnrin tó ń ká aṣọ ibùsùn lára ilé búrẹ́dì. Òjò tó ń rọ̀ sórí àwọn agbòjò lára ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ohun tó rí níbẹ̀ bí i nínú. Lára gbogbo wọn, nísàlẹ̀, ibì kan wà tí ọ̀dà ò sí. Ó ti dúdú, ó sì ń dán, ẹ̀yìn ọmọ aráyé ló dán an bẹ́ẹ̀. Lára ajá, ikùn rẹ̀ ni. Lára aṣọ ibùsùn, àárín aṣọ gan-an ni. Ní ilé ẹ̀kọ́, abẹ́ agbòjò tó tóbi jù ni.

Ọmọ ọlọ́dà ni ẹ̀gbọ́n mi. Ibi tí ọ̀dà ò bá sí, lójú ọmọ ọlọ́dà, ọ̀dà ti bó níbẹ̀ ni, kò sí ìtumọ̀ mìíràn. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í lé ènìyàn! Ó lé ọkùnrin kan tó ń ka ìwé ìròyìn dìde lára aṣọ ibùsùn: “Ẹ dìde ńbẹ̀! Ẹ̀yin lẹ fi ẹ̀yìn họ ọ̀dà bàbá mi!” Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yìn tèmi ò ní èékánná o.” Ó lé ìyá arúgbó kan lára ajá. Ìyá náà ò bá a jà. Ó ní, “Ọmọ mi, ajá yìí ni mo máa ń fẹ̀yìn tì tí bọ́ọ̀sì ò bá tètè dé. Kò gbó mọ́ mi rí.” Ẹ̀gbọ́n mi délé, ó ń binú, ó ní kí Màmá po àwọ̀ ajá, àwọ̀ òjò, àwọ̀ aṣọ ibùsùn, òun máa tún gbogbo wọn kùn. Màmá ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó kù kí ọjọ́ Oníkẹ́míìsì pé, ṣé ikùn ajá ló kàn? 

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, ó tún padà sí ilé alátẹ̀gùn òkúta, bóyá ohun tó ń wá ti bọ́ síbẹ̀. Wọ́n ti kó bẹ́ǹṣì kúrò ńbẹ̀, Bàbá. Gbogbo ẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi rìn títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ohun tí kì í ṣẹlẹ̀ sí i, ó sì fẹ̀yìn ti ògiri láàárín àwòrán méjì. Ẹ̀ṣọ́ kan rìn wá bá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, a kì í fẹ̀yìn ti ògiri ńbí.”

“Mi ò fara kan àwòrán yín.”

“Mo rí yín. Ògiri náà ni mo ń wí.”

“Níbo wá ni ẹni tó bá rẹ̀ máa jókòó sí ńbí?”

Ó ní ohùn náà jáde lẹ́nu òun, kì í ṣe ohùn òun. Ohùn yín ni. Ó le bíi tiyín, ó sì gba gbogbo inú yàrá kan bíi tiyín, gbogbo ènìyàn yíjú padà. Ó sáré jáde, ó jókòó sórí alùpùpù rẹ̀ láìtan iná rẹ̀, ó sunkún bí a ò ṣe rí i kó sunkún lọ́jọ́ tí a sin yín. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Mo kọ ọ́ síbí nítorí mo mọ̀ pé ẹ óò fẹ́ gbọ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ta ló yẹ kí ẹ máa pa òwe yìí fún tẹ́lẹ̀, bí kì í bá ṣe Bàbá Kíákíá? Wọ́n rí i pé ọjọ́ ń lọ, pé ọmọ ń sá sókè sódò, ni wọ́n bá jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé garawa ọ̀dà búlúù, wọ́n sì kun àyè yẹn láti òkè délẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún un ni, kó lè rí ibi ya nǹkan lé. Wọn ò kọ “ọ̀dà tútù” síbẹ̀. Wọ́n ti lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn.

Nọ́ọ̀sì kan jáde láti ilé ìwòsàn, ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ mọ́jú, oorun wà lójú rẹ̀, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rìn tààrà lọ síbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ògiri, ó fara tì í. Bàbá! Ìgbà tí bọ́ọ̀sì máa fi dé, búlúù ni obìnrin náà láti èjìká dé ìdí. Ariwo tó pa, àwọn aláìsàn jáde wá wòran. Oníkẹ́míìsì ló pe ẹ̀gbọ́n mi.

Ó bá wọn níbẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, ìkánjú ò jẹ́ kó mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ ló yẹ òun. Ó ní òun máa fọ aṣọ, òun máa ra òmíràn. Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan. “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ̀yìn ti ibí yìí tí mo bá parí iṣẹ́. Ọ̀dà ò mú mi rí! Kí ló dé tí ẹ wá dí i mọ́ wa?”  Ẹ̀gbọ́n mi mú àkísà àti kẹrosíìnì, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Ọwọ́ rẹ̀ kan etí ọ̀dà náà níbi tó ti gbẹ díẹ̀, ọ̀dà náà sì ká. Ó fà á díẹ̀, ó tẹ̀ lé e wá bí èèpo ẹyin sísè. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó ṣí kúrò ní abala ńlá kan. Bàbá Kíákíá ti dé báyìí, ẹnu wọn ò pàdé mọ́. “Ọ̀dà gidi ni mo fi kùn ún o! Ọwọ́ mi ni mo fi kùn ún!”

 Ẹ̀gbọ́n mi ti fi àtẹ́lẹwọ́ lé sìmẹ́ǹtì náà, ó ń fọwọ́ pa á. Ó jọ̀lọ̀ bí àwo oúnjẹ. Kò sí kòtò kan, kò sí ibi tó lè fa òwú aṣọ yọ. Ẹ ti fi sáńpépà ha á, ẹ sì ti fi fáníìṣì bò ó, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ̀dà kì í di ara fáníìṣì mú bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ti Bàbá Kíákíá fi ká. Àmọ́ ohun tó mú ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀, tòun ti àkísà lọ́wọ́, ni ohun tí ẹ kọ́ ọ láti kékeré: fáníìṣì ló ń kẹ́yìn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò bá tíì tán kì í fọwọ́ kan fáníìṣì.

Ó dìde, ó gun alùpùpù. Ó lọ sọ́dọ̀ ajá, ó fi kẹrosíìnì nu ikùn rẹ̀ díẹ̀, ó rí fáníìṣì. Ó lọ sí ilé búrẹ́dì, ó rí fáníìṣì. Abẹ́ agbòjò ńkọ́? Fáníìṣì! Àṣé kò sí ìkankan tó bó. Àṣé ẹ ò kùn ún rí. Àwọn èrò ti ń fẹ̀yìn ti àwọn ògiri yẹn kí ẹ tó gbé àkàbà dé ibẹ̀, ẹ sì ya àwòrán yí ẹ̀yìn wọn ká. Gbogbo bẹ́ǹṣì tí ẹ wá tí ẹ ò rí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ṣe é kiri ìgboro.

Ó délé nírọ̀lẹ́, ó sọ ọ́ fún Màmá. Ó sọ ọ́ lódìlódì, ó bẹ̀rẹ̀ látorí ajá, ó fò lọ sórí nọ́ọ̀sì. Màmá gbọ́ ọ dópin, wọ́n dìde, wọ́n wọ inú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n jáde, gbogbo búrọ́ọ̀ṣì yín ló wà lọ́wọ́ wọn.

“Tí iṣẹ́ ò bá tíì tán, inú kẹrosíìnì ni búrọ́ọ̀ṣì bàbá yín máa ń sùn. Ìgbà tó bá parí ògiri nìkan ló máa ń fọṣẹ fọ̀ ọ́, tí á gbé e kọ́ sórí ìṣó. Orí ìṣó ni mo ti bá wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Orí ìṣó náà ni wọ́n wà látìgbà náà, mo ń rí wọn lójoojúmọ́ ayé.” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn. “Ó parí ẹ̀! Ẹ gbọ́ mi, ó parí ẹ̀ kó tó lọ!”

Bàbá wa, ẹ parí ẹ̀! Orí ń fọ́ yín, síbẹ̀ ẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì. A fi ọdún márùn-ún káàánú yín lórí ohun tí ẹ ti ṣe tán.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Màmá wolẹ̀. Wọ́n ní, “Ìyẹn ni pé kì í ṣe èmi ló fẹ́ yà síbẹ̀.”  Ẹ̀gbọ́n mi kó búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wọn, ó lọ gbé wọn kọ́ padà.

Òwúrọ̀ yìí ni ọjọ́ pé, a sì kọrí sí ọ̀dọ̀ Oníkẹ́míìsì, gbogbo wa. Garawa ọ̀dà funfun ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rojọ́ fáníìṣì fún un, Bàbá Kíákíá ń gbè é lẹ́sẹ̀, ọkùnrin náà ń mirí. “Mo gbọ́ o. Àmọ́ ihò ni èmi ń rí. Ẹni tó bá ń kọjá, ihò náà ló máa rí.” Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà lọ, wọ́n ń fà á bọ̀. Màmá ti rìn láti ilé, wọn ò gbà kí alùpùpù gbé wọn, ó sì ti rẹ̀ wọ́n. Wọ́n fi àwọn tó ń jà sílẹ̀, wọ́n lọ fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n dijú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Mo fọwọ́ tọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú, Bàbá Kíákíá yíjú, Oníkẹ́míìsì náà yíjú wo ohun tí a ń wò.

Obìnrin tó ń sọ àga kalẹ̀, Màmá ló ń sọ ọ́ kalẹ̀ fún. Ọkùnrin onílẹ̀kùn bojú wẹ̀yìn, Màmá ló ń wò bóyá wọ́n ń bọ̀. Ọmọ alágogo ń rẹ́rìn-ín sí Màmá. Kódà ológbò inú àpò, ojú rẹ̀ ò kúrò lára wọn. Ọdún márùn-ún ni a fi ń wo àwòrán yẹn tí a ò béèrè kí ni gbogbo wọn ń wò. Màmá wà láàárín wọn, aṣọ àtijọ́ wọn lára wọn, ojú wọn ní dídì, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ti dé.

Oníkẹ́míìsì tú ìmí. Ó ní, “Ó ti pé.” Ó gbé garawa funfun rẹ̀ wọlé.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá Màmá, ó sọ ibi tí wọ́n wà fún wọn. Màmá la ojú, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ àga inú àwòrán.  Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì wa jáde ní ilé ìwòsàn, tòun ti aṣọ funfun tuntun, ó fi ìka kan tọ́ ògiri wò kó tó sún mọ́ ọn. Màmá sún díẹ̀ fún un. “Ẹ wá, àyè ńbẹ. Ọkọ mi ló ṣe é.”

Bàbá Kíákíá ṣì ní àkàbà ló kù. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sí nílé bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ti rí ògiri kan lẹ́yìn ilé aṣọ, tí àwọn èrò máa ń fẹ̀yìn tì, ó ti wọn ìwọ̀n ẹ̀yìn wọn kí ó tó ro ohun tí yóò yà yí wọn ká. Kò sì tíì jẹun láti àárọ̀. Ẹ wá bá wa bá a wí lójú àlá.

Wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó lọ pé kó má jọ̀kùn, kó má jẹ ekòló. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yín ò kó wa lọ́kàn sókè. Ohun tí a mọ̀ ni pé níbi tí ẹ wà yẹn, kí ẹ tó wo ohunkóhun, ẹ ti béèrè ibi tí ẹni tó bá rẹ̀ máa jókòó sí. A ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí wọ́n dá yín lóhùn dáadáa. À ń wá yín lórí tábìlì oúnjẹ, à ń wá yín nínú ṣọ́ọ̀bù, à ń wá yín ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. A fẹ́ràn yín, Bàbá wa. Iṣẹ́ yín ti parí. Ẹ fẹ̀yìn tì.